Nípa Ọmọ Tí A Bí Pẹ̀lú Ètè Lílà

Àwọn ará Òkè-Ògùn tí ń gbé láàrin àpáta mọ̀ pé bí ènìyàn bá ké ní ẹsẹ̀ òkè, gbohùngbohùn a dá a lóhùn. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ẹ̀rọ tí a fi ń wo aboyún, èyí tí a ń pè ní síkáànì, ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Ó ń rán ìró tí etí kò lè gbọ́ sínú ikùn. Ìró náà a padà, ẹ̀rọ a sì sọ ọ́ di àwòrán. Dókítà Ian Donald àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Glasgow, ní ilẹ̀ Scotland, ni wọ́n kéde iṣẹ́ yìí ní ọdún 1958.

Láàrin ọ̀sẹ̀ kẹrin sí ìkeje oyún ni ètè ọmọ ń so pọ̀. Àjà ẹnu rẹ̀ ń tẹ̀lé e títí di ọ̀sẹ̀ kẹsàn-án. Ọ̀pọ̀ ìyá kò tilẹ̀ tí ì mọ̀ nígbà náà pé òun lóyún. Nígbà mìíràn ẹ̀gbẹ́ méjèèjì kì í pàdé, ètè a sì là. Èyí kì í ṣe ìyà ẹ̀ṣẹ̀ ìyá, kì í sì í ṣe iṣẹ́ àjẹ́. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe tìtorí rẹ̀ lé aya rẹ̀ jáde.

Ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 20, ẹni tí ó mọ iṣẹ́ síkáànì dáradára lè rí ètè tí ó là. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ àjà ẹnu nìkan, ó ṣòro láti rí; nítorí náà kí agbẹ̀bí wo inú ẹnu gbogbo ọmọ tuntun.

Síkáànì kì í wo ọmọ sàn. Èrè rẹ̀ ni pé òbí yóò lè múra sílẹ̀, bí àgbẹ̀ tí ó rí i pé òjò ṣú tí ó sì yára kó èlùbọ́ tí ó sá. Ebi ni ọ̀tá àkọ́kọ́, nítorí ọmọ tí àjà ẹnu rẹ̀ là kò lè fa ọmú dáradára. Kí ìyá fún wàrà ọmú sínú ife mímọ́, kí ó gbé orí ọmọ sókè, kí ó sì máa fi ṣíbí bọ́ ọ díẹ̀díẹ̀. Kí a sì máa wọn ìwúwo rẹ̀ ní ilé ìwòsàn.

Ní nǹkan bí oṣù mẹ́ta ni a sábà máa ń rán ètè. Ti àjà ẹnu ń tẹ̀lé e kí ọmọ tó pé ọdún kan àbọ̀. Ẹgbẹ́ Smile Train, tí a dá sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1999, ń ṣe ìrànwọ́ kí a lè ṣe iṣẹ́ abẹ yìí lọ́fẹ̀ẹ́ ní àwọn ilé ìwòsàn kan ní Nàìjíríà; UCH ní Ìbàdàn wà lára wọn.

Kí òbí má ṣe fi irú ọmọ bẹ́ẹ̀ pamọ́ sí yàrá. Kí wọ́n bọ́ ọ yó, kí wọ́n sì tètè gbé e lọ. Ọmọ tí ó sanra tó ni dókítà lè ṣe iṣẹ́ abẹ fún.