Odi Zaria: ta ló mọ ọ́n, kí ló sì wó o?

Ẹni tó bá ń ti Shika bọ̀ wá sí Zaria, ì báà jẹ́ pé ó lọ wo aláìsàn ní ilé-ìwòsàn Yunifásítì Ahmadu Bello, tàbí pé ó ní iṣẹ́ ní NAPRI, ibùdó ìwádìí ẹran ọ̀sìn, Samaru ni yóò gbà kọjá kó tó wọ àárín ìlú. Bó bá yà sọ́wọ́ Wusasa, yóò rí àpáta ràgàjì kan tó dá dúró lórí ilẹ̀ títẹ́jú. Kufena nìyẹn. Kó fara balẹ̀ wo ẹsẹ̀ àpáta náà: ebè gígùn kan wà níbẹ̀ tó ga ju ilẹ̀ yòókù lọ, koríko ti bò ó, ewúrẹ́ ń jẹ̀ lórí rẹ̀. Ó ṣòro fún àlejò láti gbà pé odi ogun ni.

Odi ni. Àwọn èèyàn ti tẹ̀dó sí Kufena kí Zaria tó di olú-ìlú ilẹ̀ Zazzau, ọ̀kan lára ìlú méje tí àwọn Haúsá ń kà sí ìpìlẹ̀ wọn. Odi Zaria fúnra rẹ̀ tóbi gan-an: àyíká rẹ̀ tó kìlómítà 14 sí 16, ẹnubodè mẹ́jọ ni wọ́n sì máa ń kà sí i. Kofar Doka, Kofar Kuyambana, Kofar Kona, Kofar Gayan: orúkọ àwọn ẹnubodè yìí ṣì ni awakọ̀ ń pè bí wọ́n bá ń wá èrò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé níbi púpọ̀, ọ̀nà ọ̀dà ló kù níbi tí odi wà tẹ́lẹ̀.

Bi ará Zaria pé ta ló mọ odi yìí, Amina ni yóò dá ọ lóhùn. Odi Amina, Ganuwar Amina, ni wọ́n ń pè é, orúkọ náà kò sì mọ sí Zaria nìkan. Káàkiri ilẹ̀ Haúsá, odi àtijọ́ tí wọn kò bá ti mọ ẹni tó mọ ọ́n mọ́, Amina ni wọ́n ń gbé e fún. Àwọn ará Èkó náà mọ̀ ọ́n: òun ni obìnrin orí ẹṣin tí ère rẹ̀ wà ní National Theatre ní Igànmú. Ìwé ìtàn àwọn ọba Kano, tí wọ́n fi èdè Lárúbáwá kọ, sọ pé ọmọ ọba Zazzau ni, pé ó jagun títí dé Kwararafa àti ilẹ̀ Tápà, àti pé ọba Tápà fi ìwẹ̀fà 40 àti obì 10,000 ránṣẹ́ sí i. Ìgbà Dauda, tó jọba Kano láti 1421 dé 1438, ni ìwé náà fi í sí. Ṣùgbọ́n ìtàn tí wọ́n ń sọ ní Zaria gan-an fi Bakwa Turunku tó bí Amina sí nǹkan bí 1536, ó sì fi ìjọba Amina fúnra rẹ̀ sí nǹkan bí 1576. Ọdún tó wà láàárín ìtàn méjèèjì lé ní 130. Ọ̀kan nínú wọn ti ṣì í, tàbí kí àwọn méjèèjì ti ṣì í.

Awalẹ̀pìtàn J. E. G. Sutton, tó ṣiṣẹ́ lórí odi Zaria àti ti Kufena ní àwọn ọdún 1970, kò wá ẹnì kan tí yóò gbé odi náà fún. Ilẹ̀ ló kà. Ohun tó sì wà nílẹ̀ kì í ṣe odi kan ṣoṣo: ti Kufena dá wà, ti ìlú dá wà, àfikún sì wà níbi tí ìlú ti fẹ̀.

Ará Ìjẹ̀bú kò ní ya ẹnu sí i pé obìnrin kan ṣoṣo ni wọ́n gbé irú odi bẹ́ẹ̀ fún. Ẹ̀rẹ̀dò tiwọn, yàrà àti ebè tó gùn tó kìlómítà 160, tó jẹ́ pé níbòmíràn láti ìsàlẹ̀ yàrà dé orí ebè tó mítà 20, obìnrin kan ni wọ́n gbé òun náà fún: Bílíkísù Sùngbọ́, opó olówó tí kò bímọ, tí wọ́n ní ó gbẹ́ ẹ kí orúkọ rẹ̀ má baà parẹ́, tí àwọn èèyàn ṣì ń lọ síbi ibojì rẹ̀ ní Òkè-Èrì. Lójú tèmi, irọ́ kọ́ ni ìlú ń pa. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn tí kò sẹ́ni tó kọ orúkọ wọn sílẹ̀ ló gbé amọ̀ náà, ìlú sì wá orúkọ kan tó wúwo tó láti dúró fún gbogbo wọn.

Báwo wá ni wọ́n ṣe mọ odi Zaria? Ilẹ̀ pupa tó wà lábẹ́ ẹsẹ̀ ni wọ́n fi mọ ọ́n. Wọ́n á gbẹ́ yàrà síta, erùpẹ̀ tí wọ́n bá kó nínú yàrà ni yóò di odi, nítorí náà iṣẹ́ kan ṣoṣo ń mú ààbò méjì wá. Wọ́n á da omi sí erùpẹ̀ náà, wọ́n á gé koríko wẹ́wẹ́ sí i, wọ́n á fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, wọ́n á sì fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan kí ó lè rin dáadáa. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n á fi ọwọ́ lásán, láìsí àpótí búlọ́ọ̀kù kankan, mọ ọ́n ní ìṣù-ìṣù tó tóbi nísàlẹ̀ tó sì ṣe ṣóńṣó lókè. Tubali ni àwọn Haúsá ń pè é. Oòrùn ni yóò sá a. Bó bá gbẹ tán, wọ́n á tò ó ní ìlà, ṣóńṣó rẹ̀ sókè, wọ́n á sì ki amọ̀ tútù sí àlàfo àárín wọn, tí ìlà tó ń bọ̀ yóò fi wọ inú èyí tó wà nílẹ̀. Ohun tó ń mú kí odi náà di ara kan nìyẹn. Mo ti rí ògiri tubali tó fọ́ síta: àwọn ṣóńṣó náà hàn gbangba nínú rẹ̀, ìlà lórí ìlà, ìtẹ̀ka àwọn tó mọ ọ́n sì tún wà lára òmíràn.

Odi náà máa ń fẹ̀ nísàlẹ̀, á sì máa tín-ín-rín bó ṣe ń lọ sókè. Ọ̀nà tóóró wà nínú lọ́hùn-ún níbi tí tafàtafà lè dúró sí. Ẹnubodè ní ìlẹ̀kùn igi tí wọ́n kan irin mọ́. Tí wọ́n bá fẹ́ kí ara ògiri le sí òjò, omi èèpo èso irúgbà tí wọ́n ti sè ni wọ́n ń pò mọ́ amọ̀ tí wọ́n fi ń rẹ́ ẹ. Igi irú yìí kan náà ni, tí àwọn ìyá wa ń tìtorí èso inú rẹ̀ wá a. Àwọn mọlémọlé Zaria ń tìtorí èèpo rẹ̀, nítorí oje inú èèpo náà máa ń di amọ̀ pọ̀, á sì jẹ́ kí omi yọ̀ dànù lára rẹ̀. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ tó bá kù nísàlẹ̀ kòtò tí àwọn aláró ń lò tún ní iṣẹ́ tirẹ̀ nínú rírẹ́ ògiri. Ọwọ́ irú àwọn mọlémọlé bẹ́ẹ̀ ni mọ́sálásí Jímọ̀ Zaria ti jáde, èyí tí Babban Gwani Mikaila kọ́ fún Ọba Abdulkarim láàárín 1835 sí 1846.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò díẹ̀. Ká ní odi kìlómítà 14, tó ga ní mítà 5, tí ìnípọn rẹ̀ ń lọ bíi mítà 3. Amọ̀ tí yóò jẹ tó mítà kúbíìkì 210,000, ìyẹn 21,000 ìrìn típà tó ń kó 10 lẹ́ẹ̀kan. Ó dà bí ohun tí ó gbọ́dọ̀ gba ọgọ́rùn-ún ọdún. Kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ẹgbẹ̀rún kan èèyàn bá wà lẹ́nu iṣẹ́, tí kálukú ń parí ìdajì mítà kúbíìkì lójúmọ́, 420 ọjọ́ ni. Ẹ̀ẹ̀rùn mẹ́ta yóò parí rẹ̀. Nítorí náà, ọba kan ṣoṣo, Amina tàbí ẹlòmíràn, lè mọ odi Zaria tán kó sì tún ní ọdún púpọ̀ tí yóò fi jagun. Mímọ odi kọ́ ni ìṣòro.

Òjò ni ìṣòro. Láti oṣù Karùn-ún dé oṣù Kẹwàá, nǹkan bíi mílímítà 1,000 òjò ló ń rọ̀ sórí Zaria. Orí odi ni yóò kọ́kọ́ yìnrìn, omi yóò wá la ojú ọ̀nà sára rẹ̀, yóò máa gbẹ́ ẹ lọ títí tí apá kan yóò fi ya lulẹ̀ sínú yàrà. Nítorí náà, bí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti dé, iṣẹ́ tún bẹ̀rẹ̀: kí wọ́n kó yàrà, kí wọ́n di ibi tó ya, kí wọ́n tún un rẹ́. Ọba ló ń pe iṣẹ́ náà, àwọn ìjòyè ló ń kó èèyàn wá, ẹrú sì pọ̀ nínú wọn, nítorí Zazzau jẹ́ ìlú tó ń kó ẹrú láti apá gúúsù rẹ̀. Odi amọ̀ tó dúró ṣinṣin fún ọgọ́rùn-ún ọdún, ọgọ́rùn-ún ìgbà ni wọ́n ti tún un mọ. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí agbára ọba kan ti tó, odi ni kó lọ wò lẹ́yìn òjò.

Nítorí àwọn ọ̀tá tó ń gun ẹṣin ni wọ́n ṣe mọ odi náà. Ẹṣin kò lè fo yàrà kó tún gun ògiri. Ilẹ̀ oko sì wà nínú odi, kì í ṣe ilé nìkan. Ìyẹn kì í ṣe àṣejù. Ogun tó bá dó ti ìlú, oúnjẹ àgbègbè ló ń jẹ. Ará abúlé tó bá ti kó ẹran àti ọkà rẹ̀ sá wọlé ti febi pa wọ́n nìyẹn. Irú ètò bẹ́ẹ̀ ni arìnrìn-àjò Clapperton bá ní Ọ̀yọ́-Ilé ní 1826: ògiri amọ̀ tó ga tó ẹsẹ̀ bàtà 20, yàrà gbígbẹ, igbó kìjikìji tó yí odi ká, àti ẹnubodè mẹ́wàá.

Síbẹ̀, ìgbà méjèèjì tí ilẹ̀ Zaria yí padà, odi kọ́ ló kọ́kọ́ ṣubú. Ní 1804, nígbà tí àwọn Fúlàní tó tẹ̀ lé Màlámù Musa dé, ìtàn tí àwọn ọmọ Sarki Makau, ọba Haúsá tó wà lórí oyè ní Zaria, pa mọ́ sọ pé yídì ni ọba náà wà, lẹ́yìn odi, ó ń kírun ọdún. Ó sá gba gúúsù lọ pẹ̀lú àwọn èèyàn rẹ̀. Àbúrò rẹ̀, Abu Ja, ló wá tẹ Abuja dó ní 1828, ìlú tí à ń pè ní Suleja báyìí, nítorí ìjọba gba orúkọ rẹ̀ fún olú-ìlú Nàìjíríà. Ìgbà kejì ni 1902. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì wọlé, wọ́n yọ Ọba Kwassau lórí oyè, kò sì sí ogun kankan lórí odi.

Ọdún tó tẹ̀ lé e, Kano fẹ́ dán an wò. Lugard, tó ń ṣàkóso ilẹ̀ Àríwá fún àwọn Gẹ̀ẹ́sì, kọ ọ́ sínú ìròyìn rẹ̀ pé odi Kano ga ní ẹsẹ̀ bàtà 30 sí 50, pé ìdí rẹ̀ nípọn tó 40. Ìbọn àgbá kéékèèké tí àwọn ọmọ-ogun rẹ̀ gbé wá kò ran ògiri náà: amọ̀ tó nípọn tó bẹ́ẹ̀ ń gbé ọta mì ni, kì í fọ́ bí òkúta. Ẹnubodè ni wọ́n fọ́ wọlé. Igi ni, kì í ṣe amọ̀.

Láti ìgbà náà, kò sí ẹni tí yóò tún pe iṣẹ́ odi mọ́, nítorí kò sí ogun tí yóò mú kí ẹnikẹ́ni dáhùn. Reluwé dé, àwọn Yorùbá àti Ìgbò tó bá a wá sì ń gbé Sabon Gari, lẹ́yìn odi, níbi tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní kí àlejò gúúsù wà. Àwọn Kìrìsìtẹ́nì ọmọ Haúsá náà kó jáde lọ sí Wusasa, wọ́n sì fi amọ̀ kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì St Bartholomew síbẹ̀ ní 1929. Òjò ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ẹni tó ń kọ́lé rí amọ̀ tí wọ́n ti pò sílẹ̀ nítòsí, ó gbé ṣọ́bìrì. Mi ò dá a lẹ́bi púpọ̀. Ibi tí amọ̀ ti jáde wá ló ń dá a padà sí.

Èyí tó ń bí mi nínú díẹ̀ ni àtúnṣe. Ẹnubodè mélòó kan ni wọ́n ti fi búlọ́ọ̀kù àti sìmẹ́ńtì kọ́ padà, ó sì dára lójú àwọn tó ń ya fọ́tò. Ṣùgbọ́n sìmẹ́ńtì kì í bá amọ̀ gbé. Amọ̀ máa ń mu omi, á sì tún mí i jáde bí oòrùn bá ràn. Bí wọ́n bá fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ẹ lójú, omi yóò gba ojú tó sán wọlé, kò ní rí ibi jáde, amọ̀ inú yóò máa rọ̀ láìsí ẹni tó mọ̀, títí tí ìrẹ́ náà yóò fi já ní odindi, tí yóò sì fa amọ̀ tó wà lẹ́yìn rẹ̀ lọ. Èèpo irúgbà ṣì wà lọ́jà Zaria lówó pọ́ọ́kú, mọlémọlé tó mọ tubali í ṣe sì wà nínú ìlú. Ẹni tí yóò máa sanwó fún wọn ní gbogbo ẹ̀ẹ̀rùn, kì í ṣe lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ni kò tíì sí.