Owó àti Ọ̀rẹ́: Ẹ̀kọ́ tí Èsúsú Kọ́ Wa

Àwọn àgbà a máa sọ pé òṣì ní í jẹ́ ta ni mọ̀ ọ́ rí, owó ní í jẹ́ mo bá ọ tan. Òwe yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn gùn lé tí wọ́n fi ń sọ pé ibi tí owó bá wọ̀, ìfẹ́ òtítọ́ kò lè dúró níbẹ̀. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ń bá owó tan ni òwe náà ń bá wí. Ẹ jẹ́ kí a fi àṣà méjì tí Samuel Johnson ṣàlàyé nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀, tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 1921, wé ara wọn: ìwọ̀fà àti èsúsú.

Láyé àtijọ́, ẹni tí ó yá owó, tàbí ọmọ rẹ̀, a máa sin olówó gẹ́gẹ́ bí ìwọ̀fà. Iṣẹ́ tí ó ń ṣe ni èlé orí owó náà. Bí ó ti wù kí ó pẹ́ tó, ojú owó kò dín. Olówó lè jẹ́ onínúure. Síbẹ̀, títí a ó fi san owó náà, ẹnìkan ni olówó, ẹnìkan ni ajigbèsè. Ó ṣòro kí irú àwọn méjì bẹ́ẹ̀ bá ara wọn sọ òtítọ́ ọ̀rọ̀.

Èsúsú yàtọ̀. Ká ní ènìyàn 10 ń dá ₦5,000 lóṣooṣù. Ẹni tí ó kọ́kọ́ kó ₦50,000 jẹ àwọn 9 yòókù ní ₦45,000. Ẹni tí yóò kó kẹ́yìn ń yá wọn lówó láti oṣù kìn-ín-ní, kò sì gba èlé kọ́bọ̀. Ẹni tí ó wà láàárín jẹ́ olówó lónìí, ó di ajigbèsè lọ́la. Nínú ìwọ̀fà, ara ènìyàn ni ohun ìdógò. Nínú èsúsú, ìwà ni. Bí ẹni àkọ́kọ́ bá kó owó tán tí ó sá lọ, orúkọ rẹ̀ bá owó náà lọ. Bí àìsàn tàbí òkú bá sì dé bá ẹnìkan, ẹni tí ó kàn lè fi àyè rẹ̀ sílẹ̀ fún un. Owó kò lé ìfẹ́ jáde níbẹ̀. Òun gan-an ni a fi mọ̀ pé ìfẹ́ wà.

Nítorí náà, èrò tèmi ni pé ipò tí kì í yí padà ni ó ń ba ọ̀rẹ́ jẹ́, kì í ṣe owó. Ṣùgbọ́n èsúsú pàápàá ní ààlà: kò sí àyè nínú rẹ̀ fún ẹni tí kò rí nǹkan dá. Ibẹ̀ ni òwe mìíràn ti ń pè wá níjà: àjọjẹ kò dùn bí ẹnìkan kò bá ní.