Obìnrin Àkọ́kọ́: Ta Ló Ti Ilẹ̀kùn Pa Tẹ́lẹ̀?

Ẹ dúró díẹ̀ níwájú ògiri yìí kí agogo tó lù.

Bí ìdíje ìbéèrè àti ìdáhùn bá ti wà nílé ìwé, ìbéèrè kan wà tí kì í ṣaláì jáde: "Ta ni obìnrin àkọ́kọ́ tó wa mọ́tò ní Nàìjíríà?" Olùbéèrè ò tíì parí ọ̀rọ̀ tí ẹnì kan á ti pariwo: "Funmilayo Ransome-Kuti!" Àtẹ́wọ́ á ró, máàkì á wọlé, ó tán. Láti ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ la ti há a sórí. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká bi ara wa léèrè: kí ló dé tá a fi ń ka obìnrin àkọ́kọ́ gan-an? Ṣé àwọn obìnrin tó ti wà ṣáájú ẹni yẹn ò gbọ́n ni?

Ọ̀RỌ̀ KAN, ÌTÀN MÉJÌ

Ọ̀rọ̀ mọ́tò yẹn, àwọn kan ṣì ń jiyàn lé e lórí. Èyí tí kò ní àríyànjiyàn nínú ni pé ní 1914, Funmilayo ni ọmọbìnrin àkọ́kọ́ tó wọ Abeokuta Grammar School. Ọdún 1908 ni wọ́n dá ilé ìwé yẹn sílẹ̀. Fún odidi ọdún 6, àwọn ọmọkùnrin nìkan ló ń jókòó síbẹ̀. Ṣé ọmọbìnrin ò sí l'Ábẹ́òkúta láàárín 1908 sí 1914 ni? Wọ́n wà, wọ́n sì pọ̀. Ilẹ̀kùn ni wọn ò ṣí fún wọn.

Ohun tí a fẹ́ ṣàlàyé lónìí nìyẹn. Nígbàkúùgbà tí ẹ bá gbọ́ "obìnrin àkọ́kọ́", ìtàn méjì lẹ gbọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀kan ni ìtàn obìnrin tó wọlé. Èkejì ni ìtàn ilẹ̀kùn tó ti wà ní títì kó tó dé. Ìtàn àkọ́kọ́ la máa ń sọ. Èkejì la máa ń gbàgbé.

Ẹ JẸ́ KÁ ṢE ÌṢIRÒ

Ẹ mú bíírò. Christopher Sapara Williams ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó di lọ́yà, London ni wọ́n sì ti gbà á wọlé ní 1879. Stella Thomas, tí wọ́n bí l'Ékòó, ni obìnrin àkọ́kọ́ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tó di lọ́yà, ní 1933. Ẹ yọ 1879 kúrò nínú 1933. Ó ku ọdún 54.

Kí ló fà á? Ní ìlú òyìnbó fúnra rẹ̀, òfin ò gba obìnrin láyè láti di lọ́yà títí di 1919. Ivy Williams, obìnrin àkọ́kọ́ tí wọ́n gbà sínú iṣẹ́ agbẹjọ́rò ní England, 1922 ni tiẹ̀. Ìtumọ̀ èyí ni pé bí ọmọbìnrin Èkó kan bá gbọ́n ju gbogbo kíláàsì rẹ̀ lọ ní 1900, kò lè di lọ́yà ní London, ì báà kàwé títí ilẹ̀ á fi mọ́. Kì í ṣe pé ó fèèlì o. Wọn ò ní í jẹ́ kó jókòó ṣe ìdánwò ọ̀hún rárá.

Ìdí kejì wà nílé níbí. Kéèyàn tó dé yunifásítì, ó gbọ́dọ̀ gba sẹ́kọ́ńdírì kọjá. Ìjọba dá King's College sílẹ̀ fún àwọn ọmọkùnrin l'Ékòó ní 1909. Ó di 1927 kí wọ́n tó dá Queen's College sílẹ̀ fún àwọn ọmọbìnrin, akẹ́kọ̀ọ́ 20 péré ni wọ́n sì fi bẹ̀rẹ̀. Ọdún 18 ló wà láàárín méjèèjì. Òótọ́ ni pé àwọn ìjọ Kírísítẹ́nì ti ní ilé ìwé ọmọbìnrin tiwọn ṣáájú ìgbà yẹn, ṣùgbọ́n wọn ò pọ̀.

Ẹ wá wo ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà tí ilẹ̀kùn ṣí. Elizabeth Abimbola Akerele, tí gbogbo èèyàn mọ̀ sí Dókítà Awoliyi lẹ́yìn tó lọ́kọ, wà lára àwọn tó lọ sí Queen's College. Ní 1938 ó gboyè dókítà ní Dublin, ní ilẹ̀ Ireland. Ó padà wálé, ó sì di obìnrin àkọ́kọ́ tó ṣiṣẹ́ dókítà ní Nàìjíríà, ní ọsibítù Massey Street l'Ékòó. Láti 1927 sí 1938, ọdún 11 péré ni. Ọpọlọ ti wà nílẹ̀ tipẹ́. Ilẹ̀kùn ló ń retí.

Ká wá sí ẹnu ọ̀nà tiwa. Kò sí ẹni tó ń gbé Apápá tàbí Ajégúnlẹ̀ tí kò mọ pọ́ọ̀tù. Àwọn trailer tó ń gbé kọ̀ǹténà kọjá lójú wa lójoojúmọ́, ibẹ̀ ni wọ́n ń lọ, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń bọ̀. Nigerian Ports Authority, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń ṣàkóso èbúté, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1955. Hadiza Bala Usman ni obìnrin àkọ́kọ́ tó di ọ̀gá àgbà ibẹ̀, ní 2016. Ọdún 61! Bẹ́ẹ̀ sì ni obìnrin ò ṣàjèjì sí òwò ládùúgbò yìí. Orúkọ Ajégúnlẹ̀ gan-an ń sọ fún wa pé ajé ti gúnlẹ̀ síbí. Ta ló ń jí ní ìdájí lọ pàdé ajé ọ̀hún ní ọjà Boundary bí kò ṣe àwọn ìyá wa?

ÀKỌ́KỌ́ NÍNÚ KÍ NI?

Ẹnì kan lè sọ pé: "Ẹ̀yin oníròyìn, ẹ ti ṣì í. Agnes Yewande Savage ni mo kà pé ó jẹ́ obìnrin dókítà àkọ́kọ́." Ẹni náà ò purọ́, àwa náà ò sì purọ́. Savage ni obìnrin àkọ́kọ́ láti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tó gboyè dókítà òyìnbó, ní Edinburgh ní 1929. Bàbá rẹ̀, Richard Akinwande Savage, dókítà lòun náà, ọmọ Nàìjíríà. Ṣùgbọ́n Gold Coast, tí à ń pè ní Ghana lónìí, ni Agnes ti ṣiṣẹ́. Nítorí náà, òun ló kọ́kọ́ gboyè, Awoliyi ló kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ ní Nàìjíríà. Àkọ́kọ́ ni àwọn méjèèjì. Ohun tí wọ́n fi jẹ́ àkọ́kọ́ ló yàtọ̀. Ẹ má sì rò pé nígbà tí Savage ti gboyè, ó bùṣe. Ìjọba amúnisìn ò ka òun àti dókítà òyìnbó sí ọgba, owó tí wọ́n ń san fún un kéré sí tiwọn. Ẹni tó bá ṣíwájú lójú ọ̀nà oko láàárọ̀ ni ìrì máa ń pa.

Bákan náà ni ti àwọn awakọ̀ òfurufú. Ẹ lè gbọ́ orúkọ mẹ́rin, kí wọ́n sì pe gbogbo wọn ní àkọ́kọ́. Chinyere Kalu ni obìnrin Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó di awakọ̀ òfurufú tó ń gbé èrò. Blessing Liman ni obìnrin àkọ́kọ́ tó di awakọ̀ òfurufú ológun, ní 2012, nígbà tó jẹ́ pé 1964 ni wọ́n ti dá ẹgbẹ́ ọmọ ogun òfurufú wa sílẹ̀. Ní oṣù kẹwàá 2019, ní ọjọ́ kan náà, Kafayat Sanni di obìnrin àkọ́kọ́ tó ń wa jẹ́ẹ̀tì ìjà, Tolulope Arotile sì di obìnrin àkọ́kọ́ tó ń wa hẹlikópítà ìjà. Arotile, ọmọ Iffe ní ìpínlẹ̀ Kogí, kú nínú ìjàǹbá ọkọ̀ ní Kaduna ní oṣù keje 2020. Ọmọ ọdún 24 ni. Ọjọ́ orí rẹ̀ ò jìnnà sí ti àwọn ẹ̀gbọ́n wa tó wà ní yunifásítì.

Torí náà, bí ẹ bá fẹ́ kọ "obìnrin àkọ́kọ́" sínú ìwé, ẹ parí gbólóhùn yẹn. Nínú iṣẹ́ wo? Níbo? Lọ́dún wo?

Ìgbà míì tiẹ̀ wà tí ọ̀rọ̀ "obìnrin" ò yẹ kó sí níbẹ̀ rárá. Nàìjíríà ti ń lọ sí ìdíje Olympics láti 1952. A ò gba góòlù kankan títí di ọjọ́ kejì oṣù kẹjọ 1996, ní Atlanta, nígbà tí Chioma Ajunwa fò mítà 7.12 nínú ìdíje fífò gígùn. Ọjọ́ kejì rẹ̀ ni àwọn ọmọkùnrin wa tó gbá bọ́ọ̀lù tó gba tiwọn. Bí ẹ bá pe Ajunwa ní obìnrin àkọ́kọ́ tó gba góòlù Olympics fún Nàìjíríà, ẹ ti bù nínú ohun tó jẹ́ tiẹ̀. Èèyàn àkọ́kọ́ ni, tọkùnrin tobìnrin. Àwa ọmọ Ajégúnlẹ̀ tí a mọ ìtàn Odion Ighalo bí ẹni mọ orúkọ ara rẹ̀, mélòó nínú wa ló mọ̀ pé Ajunwa yìí kan náà wà nínú ikọ̀ bọ́ọ̀lù tí Nàìjíríà kó lọ sí World Cup àwọn obìnrin àkọ́kọ́, ní China ní 1991? Ti àwọn ọkùnrin ti bẹ̀rẹ̀ láti 1930. Ẹ tún ṣe ìṣirò: ọdún 61, bíi ti pọ́ọ̀tù gẹ́lẹ́.

ẸNI KEJÌ DÀ?

Ẹni àkọ́kọ́ ló ń gba àtẹ́wọ́. Ẹni kejì ló ń fi hàn pé ilẹ̀kùn ò tún padà tì. Igi kan kì í dágbó ṣe.

Ẹ jẹ́ ká padà sí iṣẹ́ lọ́yà. Stella Thomas di lọ́yà ní 1933, ó sì di adájọ́ májísíréètì ní 1943, obìnrin àkọ́kọ́ tó dé ibẹ̀. Ó di 1969 kí Modupe Omo-Eboh tó di obìnrin àkọ́kọ́ tó jẹ́ adájọ́ ilé ẹjọ́ gíga. Ní 1981, Folake Solanke di obìnrin àkọ́kọ́ tó gba oyè SAN, oyè tí wọ́n ti ń fún àwọn ọkùnrin láti 1975. Ní 2005, Aloma Mukhtar, ọmọ Kánò, di obìnrin àkọ́kọ́ ní ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ. Ní 2012, òun kan náà di Adájọ́ Àgbà fún gbogbo Nàìjíríà. Láti ọjọ́ tí Stella Thomas ti di lọ́yà dé ọjọ́ yẹn, ọdún 79 ni. Èèyàn kan ò lè fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rin ọ̀nà yẹn tán. Ẹnì kan rìn dé ibì kan, ẹlòmíì gbà á níbẹ̀.

Ní 2024, Kudirat Kekere-Ekun, ọmọ Èkó tó kẹ́kọ̀ọ́ òfin ní UNILAG, di Adájọ́ Àgbà. Òun ni obìnrin kejì. Bí wọ́n bá ń há orúkọ sórí, orúkọ tirẹ̀ lè bọ́ sílẹ̀, torí pé ìdíje kì í béèrè ẹni kejì. Lójú tiwa, ó yẹ ká há òun náà sórí. Ọdún 79 ni ti àkọ́kọ́ gbà, ọdún 12 ni ti èkejì. Ìyàtọ̀ yẹn ni iṣẹ́ tí ẹni àkọ́kọ́ ṣe fún wa.

ÈYÍ TÓ KAN ÀWA

Ẹ̀yin JSS3, láìpẹ́ ẹ ó yan ẹ̀ka tí ẹ fẹ́ wọ̀ ní SS1. A ti ń gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ ní kọ́rídọ̀: "Physics ti le jù fún ọmọbìnrin." "Technical Drawing, iṣẹ́ ọkùnrin nìyẹn." "Further Maths kẹ̀? Ìwọ obìnrin?" Àwọn ọmọbìnrin mìíràn ló ń sọ ọ́ síra wọn pàápàá.

Ẹ jẹ́ ká rán ara wa létí pé ìṣirò ni Grace Alele-Williams kọ́. Ọmọ Warri ni, Queen's College lòun náà lọ, ó sì gba oyè ọ̀mọ̀wé nípa ẹ̀kọ́ ìṣirò ní yunifásítì Chicago ní 1963. Òun ni obìnrin Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó gba oyè ọ̀mọ̀wé. Ní 1985, wọ́n fi í ṣe ọ̀gá àgbà yunifásítì Benin, obìnrin àkọ́kọ́ tó ṣe irú iṣẹ́ yẹn ní Nàìjíríà. Kò sí ẹni tó lè sọ fún obìnrin yẹn pé ìṣirò kì í ṣe tobìnrin.

Ní 1900, òfin ló ti ilẹ̀kùn. Ní 1909, ìjọba ni ò kọ́ ilé ìwé. Lónìí, kò sí òfin kankan ní Nàìjíríà tó ní kí ọmọbìnrin má kọ Physics. Tí ilẹ̀kùn bá ṣì tì ní kíláàsì wa, ẹnu àwa fúnra wa ló fi kọ́kọ́rọ́ tì í. Ọmọkùnrin tó bá fi ọmọbìnrin ṣe yẹ̀yẹ́ nítorí pé ó béèrè ìbéèrè ní kíláàsì Maths, kó mọ̀ pé iṣẹ́ ilẹ̀kùn ló ń ṣe yẹn. Ọmọbìnrin tó bá dákẹ́ nítorí yẹ̀yẹ́, kó rántí pé àwọn tó ṣáájú rẹ̀ gbọ́ èyí tó burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n sì jókòó.

Ẹ̀yin tísà wa, ẹ̀bẹ̀ kan ṣoṣo la ní. Nínú ìdíje tó ń bọ̀, tí ẹ bá ti béèrè "ta ni obìnrin àkọ́kọ́", ẹ jọ̀wọ́ ẹ fi méjì kún un: "Ọdún mélòó lẹ́yìn ọkùnrin àkọ́kọ́? Ta ni obìnrin kejì?" Máàkì kan kan fún ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa, ẹ lọ bi àwọn ìyá àti ìyá ìyá yín nílé pé iṣẹ́ wo ni wọ́n fẹ́ ṣe tí wọn ò jẹ́ kí wọ́n ṣe, àti ta ló ní kí wọ́n má ṣe é. Ẹ kọ ìdáhùn wọn sí bébà, ẹ fún ẹnikẹ́ni nínú ẹgbẹ́ oníròyìn. A ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri yìí.