Ọwọ́ Tí A Fi Ọmọ Lé: Àlàyé fún Àwọn Tí Ń Tọ́jú Ọmọ Nínú Ilé àti fún Ẹgbẹ́ Tí Ó Yí Wọn Ká

Ní Kánò, ní Jọs, ní Kàdúná àti ní Mínnà, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìdílé Yorùbá ni ó ń gbé níbi tí ìyá àgbà kò sí. Ẹni tí ì bá gba ọmọ tuntun, tí ì bá wẹ̀ ẹ́, tí ì bá sì pọ̀n ọ́n nígbà tí ìyá rẹ̀ bá lọ sí ọjà, ń bẹ ní Ọ̀fà tàbí ní Ògbómọ̀ṣọ́. Òfin Iṣẹ́ ilẹ̀ wa fún obìnrin tí ó bá bímọ ní ìsinmi ọ̀sẹ̀ 12: mẹ́fà ṣáájú ìbímọ, mẹ́fà lẹ́yìn rẹ̀. Ṣùgbọ́n alájàpá, aránṣọ àti onídìrí kò ní ọ̀gá tí yóò fún wọn ní ìsinmi kankan. Nítorí náà, ní àdúgbò púpọ̀, obìnrin kan wà tí àwọn aládùúgbò ń gbé ọmọ fún ní òwúrọ̀, tí wọn yóò sì padà wá gbà á ní ìrọ̀lẹ́.

Irú obìnrin bẹ́ẹ̀ kì í sábà pe ohun tí ó ń ṣe ní iṣẹ́. Ó lè sọ pé òun kàn ń ran àwọn ènìyàn lọ́wọ́ ni. Iṣẹ́ ni í ṣe, iṣẹ́ tí ó sì wúwo ni. Abala 23 nínú Ìwé Òfin Orílẹ̀-èdè ti ọdún 1999 ka iyì iṣẹ́ àti ìfaradà ẹ̀sìn mọ́ àwọn ìwà tí a gbé orílẹ̀-èdè yìí kà. Abala 24 sì sọ pé ojúṣe ọmọ orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ni láti ṣe ohun tí yóò mú ìlọsíwájú àti àlàáfíà bá àwùjọ tí ó ń gbé. Àwùjọ tí ó ń gbé ni òfin wí, kì í ṣe ìlú baba rẹ̀ nìkan. Obìnrin tí ó ń tọ́jú ọmọ àdúgbò ń ṣe ojúṣe yìí lójoojúmọ́. Ó yẹ kí ẹgbẹ́ mọ̀ ọ́n, kí ó sì dúró tì í.

Iye ọmọ ṣáájú iye owó

Kí olùtọ́jú tó gba ọmọ, kí ó bi ara rẹ̀ léèrè pé: bí iná bá sọ nínú ilé yìí, ọmọ mélòó ni mo lè kó jáde lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo? Ọmọ ọwọ́ méjì ni ènìyàn kan lè gbé, ọ̀kan lẹ́yìn, ọ̀kan níwájú. Bí ọmọ ọwọ́ bá ju méjì lọ, àgbàlagbà kejì gbọ́dọ̀ wà nínú ilé. Ọmọbìnrin ọmọ ọdún mẹ́wàá kì í ṣe àgbàlagbà kejì. Òfin UBE ti ọdún 2004 sọ ọ́ di dandan pé kí ọmọ wà ní ilé ìwé títí yóò fi parí ọdún kẹta ní sẹ́kọ́ńdìrì. Kò tọ́ kí a fi ẹ̀kọ́ ọmọ kan san gbèsè ìtọ́jú ọmọ mìíràn.

Lẹ́yìn èyí, kí olùtọ́jú kúnlẹ̀ nínú yàrá, kí ojú rẹ̀ bá ojú ọmọ dọ́gba, kí ó sì wò yí ká. Ohun tí kò hàn sí ẹni tí ó dúró yóò hàn sí i: wáyà iná tí ó bó, abẹ́rẹ́ lábẹ́ àga, ohun gbígbóná létí tábìlì. Nǹkan mẹ́ta ni kí ó tètè mójútó.

Èkíní ni omi. Omi díẹ̀ nínú korobá tó láti pa ọmọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn, nítorí pé bí ó bá forí sọ inú rẹ̀, apá rẹ̀ kò lágbára tó láti gbé e dìde. Kí a da omi tí a ti lò nù lójú ẹsẹ̀, kí a bo kànga, kí a sì tì í.

Èkejì ni epo kẹrosíìnì àti omi ìfọṣọ olóró. Kí a má ṣe rọ wọ́n sínú ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò láé, nítorí ohun mímu ni ọmọ mọ ìgò náà sí. Bí ọmọ bá ti mu ún, kí a má ṣe fi ipá mú un bì, kí a má sì ṣe fún un ní epo pupa, nítorí pé ohun tí ó bá bì lè wọ inú ẹ̀dọ̀fóró. Kí a gbé e lọ sí ilé ìwòsàn pẹ̀lú ìgò náà lọ́wọ́.

Ẹ̀kẹta ni èéfín. Ìta ni ààyè jẹnẹrétọ̀, jìnnà sí fèrèsé. Ní ìgbà ọyẹ́, pàápàá ní Jọs tí òtútù ti ń mú gan-an, kí a má ṣe gbé ìkòkò èédú wọ yàrá tí ọmọ ń sùn. Afẹ́fẹ́ olóró tí ń jáde láti ara wọn kò ní òórùn. Ẹni tí ó bá ń sùn lè fà á símú kí ó má jí mọ́.

Oúnjẹ, oorun àti oògùn

Títí ọmọ yóò fi pé oṣù mẹ́fà, ọmú nìkan ni àwọn elétò ìlera gbà wá níyànjú láti fún un. Ìyá lè fún wàrà ọmú sínú ife tí ó mọ́, tí ó ní ìdérí. Ó lè wà fún wákàtí 4 níbi tí kò gbóná jù, ṣùgbọ́n nígbà ooru ó yẹ kí a tètè lò ó. Òfin Iṣẹ́ tún fún òṣìṣẹ́ tí ń fún ọmọ lọ́mú ní ààyè ìlàjì wákàtí, lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́. Bí ilé olùtọ́jú bá súnmọ́ ibi iṣẹ́, kí ìyá lo ẹ̀tọ́ yìí.

Rírọ ọmọ ti pẹ́ láàárín wa: a ó dì í mú lórí ẹsẹ̀, a ó sì máa da ẹ̀kọ tàbí àgbo sí i lẹ́nu nígbà tí ó ń sunkún. Ọmọ tí ń sunkún ń mí kanlẹ̀, ohun tí a dà sí i lẹ́nu sì lè gba ọ̀nà èémí lọ. Ife, ṣíbí àti sùúrù ni ó dára jù. Bákan náà, ẹ̀pà, kóró àgbálùmọ̀ àti owó ẹyọ kò yẹ ní ìkáwọ́ ọmọ kékeré. Bí ọmọ Mùsùlùmí àti ọmọ Kìrìsìtẹ́nì bá wà ní ilé kan náà, kí olùtọ́jú bèèrè ohun tí ìdílé kọ̀ọ̀kan ń jẹ àti ohun tí wọn kì í jẹ, kí ó sì pa á mọ́ lẹ́yìn òbí gẹ́gẹ́ bí yóò ti ṣe lójú wọn.

Nígbà oorun, kí a fi ẹ̀yìn ọmọ ọwọ́ lélẹ̀ lórí ohun tí kò rọ̀ jù, láìsí ìrọ̀rí, lábẹ́ àwọ̀n ẹ̀fọn.

Ní ti oògùn, kí olùtọ́jú má ṣe fún ọmọ ní èyí tí òbí rẹ̀ kò mú wá. Ní pàtàkì, kí ó má ṣe fún un ní oògùn ikọ́ kí ó lè sùn. Láàárín ìparí ọdún 2008 àti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2009, oògùn eyín kan tí ohun olóró wọ inú rẹ̀ pa ọmọ tí ó ju 80 lọ ní ilẹ̀ wa. Àjọ NAFDAC kó o kúrò lórí àtẹ, ó sì ti ilé iṣẹ́ tí ó ṣe é pa. Àwọn tí ó fún ọmọ ní oògùn náà kò ní èrò ibi rárá. Ìtura ni wọ́n ń wá fún un.

Bí ọmọ bá ń yàgbẹ́ gbuuru, kí a fún un ní ORS gẹ́gẹ́ bí a ti kọ ọ́ sára páálí rẹ̀. Bí kò bá sí lárọ̀ọ́wọ́tó, kí a da ọ̀rá omi 50cl méjì pọ̀, èyí tí í ṣe lítà kan, kí a fi ṣíbí tíì ṣúgà 6 àti ìlàjì ṣíbí tíì iyọ̀ sí i. Kí a fi ọwọ́ rẹ́ ẹnu ṣíbí náà kí ó má kún jù, nítorí iyọ̀ tí ó bá pọ̀ léwu. Kí a máa fún un díẹ̀díẹ̀. Bí ojú rẹ̀ bá wọlé, bí kò bá lè mu nǹkan, tàbí bí ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú ìgbẹ́ rẹ̀, ilé ìwòsàn ni ó kàn.

Kí olùtọ́jú sì wo káàdì àjẹsára kí ó tó gba ọmọ. Ọjọ́ ìbí, ọ̀sẹ̀ 6, ọ̀sẹ̀ 10, ọ̀sẹ̀ 14 àti oṣù 9 ni àwọn àkókò tí ó ṣe kókó nínú ọdún àkọ́kọ́. Ọ̀fẹ́ ni ní ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé ti ìjọba. Àìsàn ọmọ kan tí kò gba àjẹsára lè di àìsàn gbogbo ilé.

Àdéhùn tí a kọ sílẹ̀

Ọ̀pọ̀ ìjà láàárín òbí àti olùtọ́jú ni ó ń ti ara ohun tí a kò sọ síra wa bẹ̀rẹ̀. Ìwé kan ṣoṣo tó. Kí a kọ orúkọ ọmọ àti ọjọ́ ìbí rẹ̀ sínú rẹ̀. Àkókò tí a ó gbé e wá àti èyí tí a ó wá gbà á. Owó, ọjọ́ tí a ó san án, àti iye tí a ó fi kún un bí òbí bá pẹ́. Nọ́ńbà tẹlifóònù ènìyàn méjì. Àwọn tí a fún ní àṣẹ láti wá gba ọmọ. Àti ilé ìwòsàn tí olùtọ́jú lè gbé e lọ bí kò bá rí òbí. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò sí nínú ìwé kò gbọ́dọ̀ gba ọmọ, ìbáà ṣe ìbátan. Kí tọ̀tún-tòsì fi ọwọ́ sí i, kí ẹnìkan nínú ẹgbẹ́ sì ṣe ẹlẹ́rìí.

Ìwé yìí ń dáàbò bo ọmọ, ó sì ń dáàbò bo olùtọ́jú pẹ̀lú. Ọmọ tí ń rìn yóò ṣubú nígbà mìíràn. Bí olùtọ́jú bá ń kọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ àti àkókò tí ó ṣẹlẹ̀ sílẹ̀ lójoojúmọ́, tí ó sì ń sọ ọ́ fún òbí ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà gan-an, egbò kékeré kò ní di ẹ̀sùn ńlá.

Ohun tí ẹgbẹ́ lè ṣe

Ẹ mọ àwọn olùtọ́jú tí ó wà láàárín yín, kí ẹ kọ orúkọ wọn sílẹ̀, kí ẹ sì máa bẹ̀ wọ́n wò. Bí nọ́ọ̀sì bá wà nínú ẹgbẹ́, kí ó kọ́ wọn ní ìtọ́jú ojú ẹsẹ̀ fún ọmọ tí nǹkan há lọ́fun, tí iná jó, tàbí tí ara rẹ̀ gbóná. Bí kò bá sí, ẹ kọ̀wé sí ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé tí ó súnmọ́ yín. Ẹ ra àpótí ìtọ́jú ojú ẹsẹ̀ kan fún ilé kọ̀ọ̀kan. Ẹ fi nọ́ńbà 112 ti ìpè pàjáwìrì hàn lára ògiri. Bí ẹgbẹ́ bá ní àjọ tàbí owó aláfọwọ́sowọ́pọ̀, ẹ yá olùtọ́jú lówó tí yóò fi ra ìdérí kànga tàbí ilẹ̀kùn tí yóò dí ilé ìdáná. Ẹ wá ẹni tí yóò dúró fún un bí ó bá ṣàìsàn, nítorí pé olùtọ́jú tí kò lè sinmi yóò tọ́jú ọmọ nígbà tí ara rẹ̀ kò yá. Ẹni tí ó bá sì fẹ́ sọ ilé rẹ̀ di jẹ́lé-ó-sinmi, ẹ bá a bèèrè ìlànà ìforúkọsílẹ̀ ní ilé iṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ ìpínlẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ẹgbẹ́ kò gbọ́dọ̀ parí nínú ìpàdé. Bí ẹnikẹ́ni bá fi ìwà ìbàjẹ́ kan ọmọ lára, ẹ̀ṣẹ̀ sí òfin ni. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ọdún 2003 àti òfin VAPP ti ọdún 2015 lòdì sí i. Ilé ìwòsàn àti àgọ́ ọlọ́pàá ni a ó mú un lọ, láìka ipò ẹni tí ó ṣe é sí. Ẹgbẹ́ tí ó bá fi ẹ̀bẹ̀ bò ó mọ́lẹ̀ nítorí orúkọ ìlú ti fi ọmọ mìíràn sínú ewu.

Oore mìíràn tún wà nínú iṣẹ́ yìí fún àwa tí a wà lẹ́yìn odi. Lọ́dọ̀ olùtọ́jú ni ọmọ lè ti gbọ́ ení, èjì, ẹ̀ta. Ibẹ̀ ni ó lè ti gbọ́ àlọ́, kí ó ta bojúbojú, kí ó sì kọ́ bí a ti ń kí àgbà. Ọmọ aládùúgbò tí kì í ṣe Yorùbá yóò gbọ́ ọ pẹ̀lú, ọmọ tiwa náà yóò sì gbọ́ èdè ọ̀rẹ́ rẹ̀. Láti kékeré ni irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ ti ń mọ ara wọn.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ní ìpàdé yín tí ń bọ̀, kí alága bèèrè pé: ta ni ó ń tọ́jú àwọn ọmọ wa láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́, kí ni ó sì ṣe aláìní? Kí akọ̀wé kọ ìdáhùn sílẹ̀, kí ẹ yan ènìyàn méjì tí yóò lọ bẹ ilé náà wò kí oṣù tó parí, kí wọ́n sì jábọ̀.