Ka Orúkọ Oògùn Títí Dé Òpin

Ní ilé ìwòsàn ńlá, wọ́ọ̀dù kan wà fún àwọn tí àìsàn wọn le gan-an. Ibẹ̀ ni ẹ̀rọ ti ń bá aláìsàn mí, tí nọ́ọ̀sì kì í jìnnà sí i. Oògùn tí ẹnì kan ń gbà níbẹ̀ lóòjọ́ máa ń pọ̀. Abẹ́rẹ́ tó ń wọ inú ẹ̀jẹ̀ tààrà ni púpọ̀ nínú wọn. Bí àṣìṣe bá ti wọlé, a ò lè bì í.

Ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ìlú Nashville, ní Amẹ́ríkà, ní oṣù Disẹ́ńbà ọdún 2017. Ẹ̀jẹ̀ dà sí ọpọlọ ìyá ẹni ọdún 75 kan, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ ti ń yá bọ̀. Wọ́n fẹ́ fi ẹ̀rọ ya àwòrán inú ara rẹ̀. Ẹ̀rù bà á, nítorí pé inú ẹ̀rọ náà há. Dókítà ní kí wọ́n fún un ní Versed, kí ọkàn rẹ̀ lè balẹ̀.

Nọ́ọ̀sì lọ sídìí kọ́bọ́ọ̀dù oògùn tí wọ́n ń fi kọ̀ǹpútà ṣí. Ó tẹ lẹ́tà méjì péré: V àti E. Versed kò jáde, torí pé midazolam, orúkọ rẹ̀ kejì, ni wọ́n fi kọ ọ́ síbẹ̀. Vecuronium ló jáde, òun náà ló sì mú.

Vecuronium máa ń rọ ènìyàn lápá, rọ ọ́ lẹ́sẹ̀. Ẹni tó bá gbà á kò ní lè mí mọ́, àfi bí ẹ̀rọ bá ń bá a mí. Ìkìlọ̀ wà lórí ìderí ìgò rẹ̀. Wọ́n gún ìyá náà, wọ́n sì fi í sílẹ̀ láìsí ẹni tó ń ṣọ́ ọ. Ó kú lọ́jọ́ kejì. Ní ọdún 2022, ilé ẹjọ́ dá nọ́ọ̀sì náà lẹ́bi.

Kí irú èyí má baà ṣẹlẹ̀, ohun 5 ni wọ́n ń kọ́ nọ́ọ̀sì láti yẹ̀ wò:

1. Ṣé aláìsàn náà gan-an nìyí?
2. Ṣé oògùn náà gan-an nìyí?
3. Ṣé ìwọ̀n rẹ̀ pé?
4. Ṣé ẹnu ni yóò gbà, àbí abẹ́rẹ́ ni?
5. Ṣé àkókò rẹ̀ ti tó?

Bí oògùn bá le púpọ̀, ẹni méjì ló yẹ kó yẹ̀ ẹ́ wò.

Àwa ẹbí náà ní iṣẹ́ tiwa. Bí ẹ bá gbé ènìyàn lọ sí ilé ìwòsàn, ẹ kó gbogbo oògùn tó ń lò dání, tòun ti páálí wọn. Ẹ sọ oògùn tí ara rẹ̀ kọ̀. Bó bá ti mu àgbo, ẹ má fi pa mọ́. Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Ẹ má sì fún un ní nǹkankan ní wọ́ọ̀dù láìbéèrè. Bí nọ́ọ̀sì bá gbé abẹ́rẹ́ dé, ẹ fi ọ̀wọ̀ béèrè pé, “Ẹ jọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì, oògùn kí lèyí?” Ẹni tó mọṣẹ́ kò ní bínú.

Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Lẹ́tà méjì kò tó láti fi mọ oògùn. Ẹ̀yin tí ẹ ti mọ̀wé kà, ẹ ka gbogbo rẹ̀.