Tannátanná àti Ìbátan Rẹ̀

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ohun tí ó bá jọ ohun ni a fi ń wé ohun. Èèpo ẹ̀pà ni ó jọ pósí èlírí. Ọ̀rọ̀ yìí gan-an ni ìpìlẹ̀ iṣẹ́ àwọn onímọ̀ tí ń to ẹ̀dá alààyè sí ìdílé-ìdílé. Ṣùgbọ́n ìjọra kan ń bẹ tí ó jẹ́ ti ìbátan, òmíràn sì ń bẹ tí ó jẹ́ ti aṣọ lásán. Ẹni tí kò bá mọ ìyàtọ̀ méjèèjì yóò fi àlejò ṣe ọmọ ilé. Tannátanná, tí a máa ń rí ní akùrọ̀ Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ lálẹ́ nígbà òjò, jẹ́ àpẹẹrẹ rere fún ẹ̀kọ́ yìí.

Láyé àtijọ́, bí àlejò bá wọ ìlú Ọ̀yọ́, kì í ṣe aṣọ ọrùn rẹ̀ ni a fi ń mọ ibi tí ó ti wá, nítorí aṣọ ṣeé yá. Ilà ojú rẹ̀ ni a ń wò, bóyá àbàjà ni, tàbí gọ̀mbọ́, tàbí pélé. Samuel Johnson, ẹni tí ó ṣe àlùfáà ní Ọ̀yọ́, to àwọn ilà wọ̀nyí sínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀, tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 1921. Ohun tí ilà jẹ́ fún ìdílé ènìyàn ni ẹ̀yà ara jẹ́ fún ìdílé kòkòrò. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé ọwọ́ olóólà ni ilà ti wá, ṣùgbọ́n a bí ẹ̀yà ara mọ́ kòkòrò ni.

Ẹ̀yà Ara

Bí ti gbogbo kòkòrò ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́fà, ara tannátanná pín sí mẹ́ta: orí, àyà àti ikùn. Ìyẹ́ mẹ́rin ni ó wà ní àyà rẹ̀. Méjì ti iwájú kò wúlò púpọ̀ fún fífò. Wọ́n bo méjì ti ẹ̀yìn bí akọ̀ ti í bo idà. Nítorí èyí ni a ṣe ń pe gbogbo irú kòkòrò bẹ́ẹ̀, àti yímíyímí pẹ̀lú, ní Coleoptera, tí ìtumọ̀ rẹ̀ ní èdè Gíríìkì jẹ́ ìyẹ́ tí ó di akọ̀.

Akọ̀ yímíyímí le koko, ti tannátanná sì rọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí lára àwọn kòkòrò kan tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní ọmọ-ogun, nítorí àwọ̀ wọn tí ó jọ aṣọ àwọn ológun àtijọ́. Ọ̀kan tí a mọ̀ dáradára nínú wọn ni Cantharis fusca ti ilẹ̀ Yúróòpù: ìyẹ́ rẹ̀ dúdú, àyà rẹ̀ pọ́n, ìwo tín-ín-rín méjì tí ó fi ń táràrà sì ní oríkèé mọ́kànlá lọ́kọ̀ọ̀kan.

Níbo ni tannátanná àti ọmọ-ogun ti wá yàtọ̀? Èkíní, asà kan wà ní iwájú àyà àwọn méjèèjì. Orí ọmọ-ogun yọ síta níwájú asà yìí, ṣùgbọ́n tannátanná lè fa orí tirẹ̀ wọ abẹ́ rẹ̀. Èkejì, ìsàlẹ̀ ikùn tannátanná ní ibi funfun tí iná ti ń jáde. Nínú àwọn Luciola, oríkèé méjì tí ó gbẹ̀yìn ni ó ń tàn lára akọ, ẹyọ kan ni ti abo. Èròjà kan tí ń jẹ́ luciferin ni ó ń pàdé afẹ́fẹ́ ọ́síjìn nínú ara kòkòrò náà, tí èròjà kejì, luciferase, sì ń mú iṣẹ́ náà yá. Iná ọ̀hún kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ní ooru rárá. Raphaël Dubois, ará Faransé, ni ó sọ àwọn èròjà wọ̀nyí lórúkọ ní ọdún 1887, láti inú ọ̀rọ̀ Látìn tí ó túmọ̀ sí ẹni tí ń gbé ìmọ́lẹ̀ wá. Ohun tí Yorùbá rí tí wọ́n fi pe kòkòrò náà ní tannátanná ni òun náà rí.

Ìdílé

Ní ọdún 1758, Carl Linnaeus ti ilẹ̀ Swídìn kó tannátanná ilẹ̀ Yúróòpù àti ọmọ-ogun pọ̀ sábẹ́ orúkọ kan ṣoṣo, Cantharis. Kò ka iná sí. Rírọ̀ ìyẹ́ ni ó wò. Àwọn tí ó tẹ̀ lé e yà wọ́n sọ́tọ̀, síbẹ̀ wọn kò sọ pé wọn kì í ṣe ẹbí. Bí a bá fi ètò ìlú Ọ̀yọ́ ṣe àfiwé, Coleoptera ni ìlú, Elateroidea ni àdúgbò. Agboolé méjì nínú àdúgbò yìí ni Lampyridae, ilé tannátanná, àti Cantharidae, ilé ọmọ-ogun. Cantharis àti Luciola jẹ́ ojúlé nínú agboolé wọn. Nínú orúkọ bíi Cantharis fusca, ti ojúlé ni ó ṣáájú, ti ọmọ ni ó tẹ̀ lé e.

Agboolé kẹta ní àdúgbò kan náà ni ti Elateridae, àwọn kòkòrò tí ń ta sókè lójijì bí a bá fi ẹ̀yìn wọn lélẹ̀. Àwọn kan nínú wọn, bíi Pyrophorus ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ń tàn lálẹ́ gẹ́gẹ́ bí tannátanná. Ẹni tí ó bá ń fi iná nìkan ṣe ìdájọ́ yóò ní ilé kan náà ni wọ́n ti wá. Ṣùgbọ́n ìwádìí tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 2018 lórí ohun àjogúnbá inú ara wọn fi ẹ̀rí hàn pé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ìdílé méjèèjì ti rí iná tiwọn. Bí aṣọ ni iná jẹ́ nínú ọ̀ràn yìí; asà, ìyẹ́ àti oríkèé ni ilà.

Iṣẹ́ Olùkọ́

Láti ọdún 1970 ni Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà tí a fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì pẹ̀lú. Akọ̀, asà, oríkèé, agboolé àti ojúlé kì í ṣe ọ̀rọ̀ àjèjì sí ọmọ Ọ̀yọ́ tàbí Ògbómọ̀ṣọ́. Bí olùkọ́ bá fi ìgò mú tannátanná kan wá sí kíláàsì, tí àwọn ọmọ wò ó, tí wọ́n ka oríkèé rẹ̀, tí wọ́n sì tú u sílẹ̀ nírọ̀lẹ́, wọn yóò mọ ohun tí orúkọ Látìn ń tọ́ka sí kí wọ́n tó há a sórí. Ṣùgbọ́n inú ilẹ̀ tútù ni ọmọ tannátanná ń dàgbà sí, tí ó ń pa ìgbín kéékèèké jẹ. Iná sì ni akọ àti abo fi ń pe ara wọn nínú òkùnkùn. Níbi tí a bá ti dí akùrọ̀ pa, tí iná ìgboro sì tàn mọ́jú, ìgò olùkọ́ yóò ṣófo.