Ìwọ̀n Máàkì JAMB Nínú Ìgbàwọlé sí Yunifásítì: Ohun tí Olùkọ́ Agbègbè Ọ̀tà Gbọ́dọ̀ Mọ̀

Ìfáárà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Síbẹ̀, bí a bá bi akẹ́kọ̀ọ́ oníwèé mẹ́wàá ní Ṣàngó-Ọ̀tà léèrè ohun tí yóò gbé e dé yunifásítì, ohun kan ṣoṣo ni yóò dárúkọ: máàkì JAMB. Ìlú Àwórì ni Ọ̀tà, òun sì ni olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Adó-Odò/Ọ̀tà ní ìpínlẹ̀ Ògùn. Ilé-iṣẹ́ ńláńlá ló pọ̀ jù níbẹ̀, láti Ṣàngó títí dé ojú ọ̀nà Ìdí-Ìrókò. Yunifásítì Covenant bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ọ̀tà ní ọdún 2002, ti Bells sì tẹ̀ lé e ní ọdún 2005. Ṣùgbọ́n aládàáni ni méjèèjì, owó ilé-ẹ̀kọ́ wọn sì ju agbára ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ lọ. Nítorí náà, yunifásítì ìjọba ni ojú ọ̀pọ̀ òbí ń wò, ibẹ̀ gan-an sì ni èrò ti ń wọ́ bí omi. Ohun tí àpilẹ̀kọ yìí fẹ́ ṣe ni láti yẹ bí máàkì JAMB ṣe wúwo tó wò, kí àwa olùkọ́ lè gba ọmọ nímọ̀ràn tí kò ní ṣì í lọ́nà.

Ìtàn Ráńpẹ́

Kí ó tó di ọdún 1978, yunifásítì kọ̀ọ̀kan ló ń ṣètò ìgbàwọlé tirẹ̀. Ọmọ kan lè gba fọ́ọ̀mù mẹ́ta, kí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì gbà á wọlé, nígbà tí ẹlòmíràn kò rí ẹyọ kan. Láti yanjú ìṣòro yìí ni ìjọba àpapọ̀ ṣe dá àjọ JAMB sílẹ̀ ní ọdún 1978. Iṣẹ́ mẹ́rin ni akẹ́kọ̀ọ́ ń ṣe ìdánwò lé lórí, èdè Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ dandan. Ọgọ́rùn-ún máàkì ni fún iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, àpapọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ 400. Èdè Yorùbá náà wà lára àwọn iṣẹ́ tí ọmọ lè yàn. Láti ọdún 2015 ni gbogbo ìdánwò náà ti di ti orí kọ̀ǹpútà.

Nígbà tí ó yá, àwọn yunifásítì bẹ̀rẹ̀ sí í ráhùn pé máàkì àwọn kan kò bá ìmọ̀ tí ó wà lórí wọn mu. Ní ọdún 2005, nígbà tí Chinwe Obaji jẹ́ mínísítà ètò ẹ̀kọ́, ìjọba fọwọ́ sí i kí yunifásítì máa ṣe àyẹ̀wò tiwọn lẹ́yìn ti JAMB. Mínísítà Adamu Adamu fòfin de àyẹ̀wò yìí ní ọdún 2016, ṣùgbọ́n ní ọdún 2017 ó tún padà wá.

Gbèdéke Kì í Ṣe Ìgbàwọlé

Ohun àkọ́kọ́ tí ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀ ni ìyàtọ̀ láàrin kí ènìyàn dé ẹnu ọ̀nà àti kí ó rí ìjókòó nínú ilé. Lọ́dọọdún ni JAMB àti àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gíga ń fẹnu kò lórí máàkì gbèdéke. Ní ọdún 2025, 150 ni wọ́n fi sí fún yunifásítì, 100 sì ni fún ilé-ẹ̀kọ́ olùkọ́ni àgbà. Ẹni tí ó bá gba 150 ti yọ nínú ẹni tí a kò lè gbà. Kò túmọ̀ sí pé a ti gbà á. Àwọn yunifásítì bí ti Ìbàdàn, Èkó àti Ilé-Ifẹ̀ kì í sábà pe ẹni tí kò bá ní 200 fún àyẹ̀wò tiwọn. Ọ̀pọ̀ òbí ni kò mọ èyí, tí wọ́n fi ń rò pé ẹnì kan ló fi ọwọ́ ọlá gbá ọmọ àwọn lójú.

Bí A Ṣe Ń Ṣírò Rẹ̀

Ìlànà tí a mọ̀ mọ Yunifásítì Èkó ní àwọn ọdún àìpẹ́ yìí ni pé máàkì JAMB ń kó 50 nínú ọgọ́rùn-ún, àyẹ̀wò yunifásítì ń kó 30, èsì ìdánwò oníwèé mẹ́wàá sì ń kó 20. Mẹ́jọ ni a fi ń pín máàkì JAMB. Nínú iṣẹ́ márùn-ún ti oníwèé mẹ́wàá, A1 kọ̀ọ̀kan jẹ́ 4, B2 jẹ́ 3.6, C6 sì jẹ́ 2.

Ẹ jẹ́ kí a fi àpẹẹrẹ gbé e kalẹ̀. Ká ní Àkànní gba 280 nínú JAMB, tí ó sì ní C6 márùn-ún. Ká ní Àbẹ̀kẹ́ gba 224, tí ó sì ní B2 márùn-ún. Àwọn méjèèjì gba 18 nínú 30 ní àyẹ̀wò yunifásítì. Ti Àkànní jẹ́ 35 àti 10 àti 18, èyí tí í ṣe 63. Ti Àbẹ̀kẹ́ jẹ́ 28 àti 18 àti 18, èyí tí í ṣe 64. Àkànní fi máàkì 56 ju Àbẹ̀kẹ́ lọ nínú JAMB, síbẹ̀ Àbẹ̀kẹ́ ló ṣíwájú.

Ṣùgbọ́n bí àwọn ọmọ méjì yìí bá gba Ìbàdàn lọ, níbi tí a ti ń fi mẹ́jọ pín JAMB, tí a sì ń fi méjì pín àyẹ̀wò yunifásítì, èsì oníwèé mẹ́wàá kò ní í fi kún un. Bí àwọn méjèèjì bá gba 60 nínú ọgọ́rùn-ún níbẹ̀, Àkànní yóò ní 65, Àbẹ̀kẹ́ yóò sì ní 58. Èyí fi hàn pé máàkì kan náà kì í wúwo bákan náà níbi gbogbo.

Ìpínlẹ̀ tí Ọmọ Ti Wá

Ìlànà ìjọba àpapọ̀ fún yunifásítì rẹ̀ tún pín àyè sí ọ̀nà mẹ́ta: ìdá 45 nínú ọgọ́rùn-ún fún àwọn tí máàkì wọn ga jù lọ, ìdá 35 fún àwọn ìpínlẹ̀ tí ó yí yunifásítì ká, àti ìdá 20 fún àwọn ìpínlẹ̀ tí ẹ̀kọ́ kò tíì gbilẹ̀ púpọ̀. Ìpínlẹ̀ tí ọmọ ti ṣẹ̀ wá ni a ń wò, kì í ṣe ibi tí ó ń gbé. Ọ̀rọ̀ yìí kan Ṣàngó gbọ̀ngbọ̀n, nítorí iṣẹ́ ti kó àwọn ènìyàn jọ síbẹ̀ láti ibi gbogbo. Ọmọ Ògùn àti ọmọ Benue lè jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan náà, kí máàkì tí a ó fi gba ọ̀kan má tó ti èkejì.

Ṣé Máàkì Kì í Purọ́?

Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2025, JAMB gbé èsì jáde. Àwọn tí kò tó 200 lé ní mílíọ̀nù kan àti ààbọ̀. Láìpẹ́, àjọ náà jẹ́wọ́ pé àṣìṣe wáyé nínú ètò kọ̀ǹpútà ní Èkó àti ìlà-oòrùn gúúsù. Ọ̀gá àgbà àjọ náà, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ishaq Oloyede, sunkún ní gbangba, wọ́n sì ní kí akẹ́kọ̀ọ́ 379,997 wá tún ìdánwò ṣe. Bí àjọ náà kò bá tún un yẹ̀ wò, òǹtẹ̀ ọ̀lẹ ni ọ̀pọ̀ ọmọ ìbá máa gbé kiri.

Síbẹ̀, kò yẹ kí a torí èyí da ìdánwò nù. Ní Amẹ́ríkà, nígbà àrùn Kòrónà ní ọdún 2020, ọ̀pọ̀ yunifásítì ní kí akẹ́kọ̀ọ́ má fi máàkì SAT ránṣẹ́ bí kò bá wù ú. MIT dá a padà ní ọdún 2022, Dartmouth náà sì ṣe bẹ́ẹ̀ ní ọdún 2024. Àlàyé Dartmouth ni pé máàkì ń ran òun lọ́wọ́ láti rí ọmọ tálákà tí orí rẹ̀ pé, àmọ́ tí ilé-ìwé rẹ̀ kò lókìkí. Ọmọ òṣìṣẹ́ tí kò mọ ẹnikẹ́ni ni ìdánwò tí a ṣe bó ti tọ́ ń gbè jù lọ.

Àgbálọgbábọ̀

Kí wá ni iṣẹ́ olùkọ́? Èkíní, kí ó kọ́ ọmọ pé èsì oníwèé mẹ́wàá kì í ṣe ọ̀rọ̀ kí ènìyàn sáà ti yege. Èkejì, kí ó rí i pé ọmọ ti fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà ṣáájú ọjọ́ ìdánwò. Ẹ̀kẹta, kí ó jókòó ti ọmọ láti yan iṣẹ́ mẹ́rin tí ó bá ohun tí ó fẹ́ kà mu, nítorí 300 tí a fi iṣẹ́ tí kò yẹ gbà kò lè ṣí ìlẹ̀kùn. Ẹ̀kẹrin, kí ó bá a ṣírò, kí ó tó yan yunifásítì. Máàkì JAMB wúwo lóòótọ́, ṣùgbọ́n òun nìkan kọ́ ló wà lórí òṣùwọ̀n. Ọmọ tí ó gba 224, tí ó ń sunkún lẹ́yìn kíláàsì, lè jẹ́ Àbẹ̀kẹ́. Olùkọ́ tí ó mọ ìṣirò yìí ló lè sọ fún un.